Bí Ọmọ Ènìyàn Ṣe Kọ́ Láti Wọn Agbára Yìnyín Òkun

Yìnyín tí àwa mọ̀ ní ilẹ̀ wa kò ju oríṣi méjì lọ. Àkọ́kọ́ ni èyí tí òjò ń sọ lu òrùlé, tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà kí ó tó yọ́. Èkejì ni èyí tí àwọn tó ń ta ẹja àti ohun mímu ń rà láti fi mú ọjà wọn tutù. Kò sí èyí tó lè dẹ́rù ba àgbàlagbà nínú méjèèjì. Nítorí náà, bí a bá sọ fún ẹnì kan ní Èkó tàbí ní Kútọnu pé yìnyín ti ilé irin kan láàárín òkun títí ilé náà fi wó, ó lè rò pé àlọ́ ni a ń pa. Kì í ṣe àlọ́ rárá. Ó ṣẹlẹ̀ nínú òkun Bohai ní ilẹ̀ Ṣáínà ní ọdún 1969. Ní ọdún 1969 yìí kan náà, ó ṣẹlẹ̀ ní etíkun Súwídìn. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan tó dà bí èyí tó rọrùn: báwo ni agbára yìnyín òkun ṣe pọ̀ tó? Ìtàn ìbéèrè yìí ni a fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ju ti yìnyín nìkan lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ohun tí à ń sọ. Iyọ̀ inú omi òkun kì í jẹ́ kí ó tètè dì. Omi odò a máa dì nígbà tí òtútù bá dé òdo lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n omi òkun a máa dúró títí òtútù yóò fi lọ sí nǹkan bí ìwọ̀n 1.8 nísàlẹ̀ òdo. Ní àríwá Kánádà, yìnyín tó dì láàárín ìgbà òtútù kan lè nípọn tó mítà méjì. Èyí tí kò bá yọ́ nígbà ooru, tó sì la ọdún kejì àti ìkẹta kọjá, iyọ̀ inú rẹ̀ a máa ṣàn jáde díẹ̀díẹ̀, á sì túbọ̀ le, á sì túbọ̀ nípọn. Nígbà mìíràn, afẹ́fẹ́ a máa ti abala méjì kọlu ara wọn, tí wọn yóò fọ́, tí àfọ́kù wọn yóò sì gun orí ara wọn di òkìtì. Abala kan ṣoṣo lè fẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà. Bí afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi bá ń darí irú abala bẹ́ẹ̀, kódà kó máa lọ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń gbafẹ́, kò sí ìdákọ̀ró tó lè dá a dúró. Bí ó bá pàdé òpó kan lójú ọ̀nà, ọ̀kan nínú méjì ló kù: yálà òpó fọ́ yìnyín, tàbí yìnyín wó òpó.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi ìṣirò wádìí ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òkun. Ọ̀rọ̀ àwọn odò ńlá ilẹ̀ Siberia ló jẹ wọ́n lógún, nítorí pé nígbà tí yìnyín bá já nígbà ìrúwé, á máa ṣàn lọ kọlu ẹsẹ̀ àwọn afárá. Onímọ̀ ilẹ̀ Soviet kan tí ń jẹ́ Korzhavin kọ ìwé lórí rẹ̀ ní ọdún 1962. Ìlànà rẹ̀ rọrùn láti lóye: mú ìbú òpó, fi nínípọn yìnyín sọ ọ́ di púpọ̀, tún fi líle yìnyín sọ ọ́ di púpọ̀, lẹ́yìn náà kí o dín in kù, nítorí pé yìnyín kì í fi gbogbo ara kan òpó. Nínú ìgbésẹ̀ tó gbẹ̀yìn yìí ni ìjà wà. Èló ni kí a dín kù? Kò sẹ́ni tó mọ̀ dájú, nítorí pé ègé kékeré tí a lè fi ẹ̀rọ tẹ̀ fọ́ nínú yàrá ìwádìí ni a fi mọ líle yìnyín. Kò sí ẹ̀rọ tó lè tẹ abala tó fẹ̀ tó ìlú kan fọ́.

Epo rọ̀bì ló sọ ìbéèrè náà di kánjúkánjú. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ri pèpéle irin tí wọ́n fi ń wa epo mọ́lẹ̀ ní Cook Inlet ní Alaska. Ọ̀sà náà ní ìkún àti ìfà omi tó lè dé mítà mẹ́sàn-án, nítorí náà yìnyín ibẹ̀ kì í sinmi. Bó ṣe ń lọ ló ń bọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tó wà lórí pèpéle fi rí ohun tí ìwé kò sọ fún wọn. Òpó kò kàn ń gba ìtì. Ó ń gbọ̀n. Harold Peyton ti Yunifásítì Alaska wọn ìgbọ̀nrìrì náà, ó sì gbà pé yìnyín ní ìwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ fi ń fọ́, bí ìlù tó ní ìró tirẹ̀. Ní ọdún 1970, Blenkarn sọ ohun mìíràn. Ó ní òpó gan-an wà nínú ọ̀ràn náà: bí yìnyín ṣe ń ti òpó ni òpó ń tẹ̀, bí yìnyín bá sì fọ́, òpó á ta padà lójijì bí ẹ̀ka igi tí a fà tí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀, yìnyín mìíràn á tún dé, á tún fà á. Ìró yìnyín nìkan kọ́ ni à ń gbọ́. Ijó tí yìnyín àti irin ń bá ara wọn jó ni.

Ijó yìí kì í ṣe ohun ìwòran. Bí ìfọ́ yìnyín bá bá ìgbọ̀n àdánidá òpó mu, ìgbọ̀nrìrì náà kò ní tán. Bí ó ṣe ń lọ ni irin yóò máa rẹ̀, títí ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ yóò fi là. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ọdún 1969 tí a mẹ́nu kàn lókè, yìnyín bo òkun Bohai lọ́nà tí a kì í sábà rí, ó sì bi pèpéle epo kan ṣubú. Ní Súwídìn, ilé ìmọ́lẹ̀ tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà ní Nygrån wó, yìnyín sì ti ba òmíràn jẹ́ rí ní Björnklacken. Àwọn ilé ìmọ́lẹ̀ wọ̀nyí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Àwọn tó kọ́ wọn ṣe ìṣirò wọn, wọ́n sì gbà á gbọ́. Yìnyín ni kò ka ìwé wọn.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1980, àwọn ilé iṣẹ́ epo Kánádà ti ń wo òkun Beaufort, níbi tí yìnyín ọlọ́dún púpọ̀ ti ń rìn kiri. Wọ́n nílò òpó kan tó fẹ̀ tó láti wọn irú yìnyín bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ti kọ́ irú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe mú ọgbọ́n dání: wọ́n wá èyí tí Ọlọ́run ti kọ́ sílẹ̀. Láàárín Gírínlándì àti erékùṣù Ellesmere, erékùṣù àpáta kékeré kan wà tí ń jẹ́ Hans Island. Àwọn òǹkàwé wa lè rántí orúkọ rẹ̀, nítorí pé òun ni Kánádà àti Dẹ́nmáàkì fi ọ̀pọ̀ ọdún jà sí kí wọ́n tó pín in ní ọdún 2022. Lọ́dọọdún, abala yìnyín ńláńlá ń ṣàn wá láti àríwá, wọ́n sì ń fi orí sọ erékùṣù náà. Ní ọdún 1980, 1981 àti 1983, àwọn olùwádìí lọ dó síbẹ̀. Wọ́n wọn bí abala yìnyín ṣe tóbi tó àti bí ìrìn rẹ̀ ṣe ń falẹ̀ nígbà tó bá kọlu àpáta. Ẹni tó bá mọ ìwúwo ohun kan, tó sì mọ bí ó ṣe yára dúró sí, lè ṣírò ipá tó dá a dúró.

Èsì náà yà wọ́n lẹ́nu. Ipá náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá pín in sí ibi tí yìnyín ti kan àpáta, ìfúnpá tó bọ́ sí mítà kọ̀ọ̀kan kéré jìnnà sí èyí tí ègé yìnyín inú yàrá ìwádìí fi hàn. Ní ọdún 1988, Sanderson kó irú àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí jọ sínú ìwé kan, láti orí ègé tí a lè dì mọ́wọ́ títí dé orí abala tó fẹ̀ bí erékùṣù, ó sì fi hàn pé bí ibi ìfarakanra bá ṣe ń gbòòrò ni ìfúnpá ń dín kù. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Yìnyín kò mọ òwe yìí. Nígbà tí ó bá kọlu ògiri gbígbòòrò, kì í fi gbogbo ara rẹ̀ lu ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ibì kan á fọ́, ibòmíràn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kan ògiri, ibòmíràn á ti là sẹ́yìn. Ewu ńlá wà níbẹ̀ ṣá o: bí ìgbọ̀nrìrì bá mú kí gbogbo ibi náà máa fọ́ papọ̀, ọwọ́ àgbájọ ti dé nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Molikpaq ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin, ọdún 1986 nìyẹn. Ní èdè àwọn Inuvialuit tó ni etíkun náà, Molikpaq túmọ̀ sí ìgbì ńlá. Pèpéle irin onígun mẹ́jọ ni, tí wọ́n kọ́ ní Jàpáàn, tí wọ́n sì wọ́ dé òkun Beaufort ní ọdún 1984. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 90 mítà níbi tí yìnyín ti ń kàn án. Àárín rẹ̀ ṣófo, iyanrìn ni wọ́n sì dà kún un kí ó lè jókòó pinpin sórí ilẹ̀ òkun. Iyanrìn náà ni agbára rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, abala yìnyín ọlọ́dún púpọ̀ kan dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sí ara irin náà. Gbogbo pèpéle náà gbọ̀n fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti rì sínú iyanrìn fi hàn pé omi tó wà láàárín hóró iyanrìn ń ru sókè bí ìgbọ̀nrìrì náà ṣe ń lọ, títí apá kan iyanrìn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹrẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró sí etí omi, tó sì fi ẹsẹ̀ jó lórí iyanrìn tútù títí tó fi rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, yóò mọ ohun tí à ń wí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé lórí iyanrìn yìí, òkun tó jìn tó nǹkan bí 30 mítà sì wà lábẹ́ wọn. Yìnyín dúró kí iyanrìn tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ pátápátá. Pèpéle náà kò yẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni iṣẹ́ àwọn oníṣirò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti so pátákó ìwọ̀n mọ́ ara irin náà láti ka bí yìnyín ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tí pátákó wọ̀nyí kà jẹ́ nǹkan bí 50,000 tọ́ọ̀nù, bí ẹni pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó lé ní 30,000 gbé ìwúwo wọn lé ẹ̀gbẹ́ pèpéle náà. Iye yìí di òkìkí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́ ohunkóhun sí òkun dídì, òun ni wọ́n máa ń nà sí i. Àmọ́ àwọn kan kò simi. Wọ́n wò ó pé bí yìnyín bá ń tẹ pátákó náà léraléra, ohun bíi rọ́bà tó wà nínú rẹ̀ kì í tètè padà sí ipò rẹ̀, nítorí náà ìtẹ̀ àtijọ́ lè máa ṣẹ́kù sínú ìwọ̀n ìtẹ̀ tuntun. Lẹ́yìn ohun tó lé ní ogún ọdún, àwọn onímọ̀ Kánádà tún ṣí àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n fi ohun tí pátákó sọ wé bí irin ṣe tẹ̀, bí iyanrìn ṣe ṣe, àti bí ìrìn yìnyín náà ṣe falẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé ipá náà kò ju nǹkan bí ìdajì iye àkọ́kọ́ lọ.

Ìdajì! Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá ka agbára yìnyín ju bó ṣe rí lọ, a ó da irin àti owó tí ẹnikẹ́ni kò nílò sínú òkun, tàbí kí a má tilẹ̀ kọ́ ohun tó yẹ kí a kọ́. Bí a bá kà á kéré, ènìyàn ni yóò fi ẹ̀mí san gbèsè náà. Láàárín àṣìṣe méjèèjì yìí ni ẹnjiníà ń rìn. Bí kò bá sì jẹ́ pé ẹnì kan tọ́jú àkọsílẹ̀ ọdún 1986, kò sí ẹni tí ì bá lè padà lọ tún un kà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò epo nìkan. Nígbà tí erékùṣù Prince Edward Island wọ ìṣọ̀kan Kánádà ní ọdún 1873, ìjọba ṣèlérí pé ọ̀nà tí kì í dí yóò wà láàárín erékùṣù náà àti ilẹ̀ ńlá, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Yìnyín ló ń ba ìlérí náà jẹ́. Nígbà òtútù, àwọn ọkùnrin alágbára a máa fi ọkọ̀ kékeré gbé lẹ́tà àti èrò kọjá. Bí omi bá wà, wọ́n á tukọ̀, bí yìnyín bá wà, wọ́n á wọ́ ọ lórí rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá tó ń fọ́ yìnyín ló tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó di ọdún 1988, àwọn ará erékùṣù náà dìbò, ọ̀pọ̀ sì fara mọ́ ọn pé kí wọ́n ní ọ̀nà tó máa so wọ́n mọ́ ilẹ̀ ńlá títí láé.

Àwọn apẹja ni kò fi ọkàn balẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kì í ṣe pé yìnyín yóò wó afárá, bí kò ṣe pé afárá yóò mú yìnyín dúró. Bí àwọn òpó bá há yìnyín mọ́ inú ọ̀nà omi náà, yóò pẹ́ kó tó lọ nígbà ìrúwé, àsìkò pípa lobster, ìyẹn ìbátan edé tó ní ọwọ́ bíi ti akàn, yóò sì sún síwájú. Àwọn àgbẹ̀ náà bẹ̀rù pé òtútù yóò pẹ́ lórí ilẹ̀ pòtétò wọn. Ní ọdún 1990, ìgbìmọ̀ tó ṣàyẹ̀wò ipa iṣẹ́ náà lórí àyíká gbọ́ wọn, ó sì ní kí wọ́n má ṣe kọ́ afárá náà bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Wọ́n wá yan ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ yìnyín. Òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé kalẹ̀ le gan-an: afárá náà kò gbọdọ̀ dá lílọ yìnyín dúró ju ọjọ́ méjì lọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹnu apẹja ló ti wá. Ìṣirò ni wọ́n fi dáhùn rẹ̀.

Confederation Bridge tí wọ́n ṣí ní ọdún 1997 ni ìdáhùn náà. Ó gùn ní kìlómítà 12.9, àlàfo láàárín àwọn òpó rẹ̀ ńlá sì jẹ́ 250 mítà. Níbi tí yìnyín ti ń kan òpó kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣe kọnkéré rẹ̀ bí òkòtó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, tó gbòòrò nísàlẹ̀, tó sì tín-ín-rín lókè. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé yìnyín le láti rún, ṣùgbọ́n kò le láti ṣẹ́. Bí ó bá kọlu ògiri tó dúró ṣánṣán, àfi kó rún. Bí ó bá kọlu òkòtó, yóò gun ara rẹ̀ lọ sókè, yóò tẹ̀, yóò sì ṣẹ́ bí àkàrà gbígbẹ. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìwọ̀n sára méjì nínú àwọn òpó náà, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Calgary sì ka ohun tí wọ́n ń sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ipá tí wọ́n rí kéré sí èyí tí wọ́n kọ́ afárá náà fún.

Òkòtó kò tán gbogbo ìṣòro. Ní Bohai, ní ọdún 2000, ìgbọ̀nrìrì láti ọwọ́ yìnyín já páìpù afẹ́fẹ́ gáàsì kan lórí pèpéle. Yue Qianjin àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Dalian fi ọ̀pọ̀ ìgbà òtútù ṣọ́ àwọn pèpéle ibẹ̀, wọ́n sì fi hàn pé òkòtó pàápàá lè gbọ̀n bí yìnyín bá ń ṣẹ́ ní ìwọ̀n tó bá tirẹ̀ mu. Ní Súwídìn, wọ́n fi pátákó ìwọ̀n bo ara ilé ìmọ́lẹ̀ Norströmsgrund, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1971, wọ́n sì kà á láti ọdún 1999 sí 2003. Ní ọdún 2006, Timco àti Croasdale fi ìbéèrè kan náà síwájú onímọ̀ 21 láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, pé kí wọ́n ṣírò ipá yìnyín. Ìdáhùn wọn jìnnà síra wọn. Kò sí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ayé rí i, nígbà tó sì di ọdún 2010, ìlànà àgbáyé ISO 19906 jáde láti tọ́ àwọn tó ń kọ́lé sínú òkun dídì sọ́nà.

Lónìí, ayé ń móoru, yìnyín àríwá sì ń dín kù. Ẹnì kan lè rò pé ìmọ̀ yìí ti fẹ́ di ìtàn àtijọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2017, wọ́n ṣí oko ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná ní Tahkoluoto ní Fínlándì, nínú òkun tó ń dì lọ́dọọdún. Òpó gíga tó tín-ín-rín tó gbé ẹ̀rọ wúwo sí orí ni irú ohun tí ìgbọ̀nrìrì yìnyín fẹ́ràn jù. Iṣẹ́ Peyton àti Blenkarn ti tún di iṣẹ́ òní.

Àwọn baba wa ní òkèèrè ni a ti ń wo igi gogoro kí ó má baà gún ni lójú. Ìtàn yìí fi nǹkan kan kún un: ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè gbọ́dọ̀ kọ ohun tó rí sílẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó rí i dáadáa. Àwọn tó kọ́ Nygrån gbà pé ìṣirò wọn pé, wọn kò sì ní àkọsílẹ̀ tó lè takò wọ́n. Àwọn tó wọn Molikpaq ṣe àṣìṣe tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n fi àṣìṣe náà sílẹ̀ sínú ìwé, níbi tí àtúnṣe ti lè bá a. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ láàárín ìmọ̀ àti ìdánilójú. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ afárá, ìdídò tàbí ògiri etíkun, ní ilẹ̀ òtútù tàbí ní ilẹ̀ olóoru, yóò ṣe dáadáa láti bi ara rẹ̀ léèrè lẹ́yìn ọjọ́ ìṣílé: ta ni yóò máa ka ohun tí omi ń ṣe sí i, níbo ni a ó sì tọ́jú àkọsílẹ̀ náà sí?